Ṣakabùlà bàbá mi bọ́ sí mi lọ́wọ́: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Ọdẹ, Kétu
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ̀yin àgbà ọdẹ tó wà níbí, mo dọ̀bálẹ̀. Bàbá mi wọ káà ilẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ìbọn ṣakabùlà wọn sì kàn mí gẹ́gẹ́ bí àrẹ̀mọ. Káàpù ló ń lò, ìyẹn ìdérí kékeré tí òòlù ń lù kí iná lè ran ẹ̀tù, kì í ṣe èyí tó ń fi òkúta ṣáná. Láti ìgbà náà ló ti wà lórí àjà. Àwọn ọdẹ àdúgbò ti ní kí n wá bá wọn yìn ín níbi ìṣípà (ètùtù ìdágbére fún ọdẹ tó kú) tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ olùkọ́ ni mí, n kò tẹ̀lé bàbá mi lọ sígbó rí. Ìpáàrà díẹ̀ wà létí ẹnu rẹ̀, òòlù rẹ̀ ṣì ń gbéra dáadáa. Ṣé lóòótọ́ ni pé omi kò gbọdọ̀ kàn án? Epo wo ni kí n fi pa á? Àbúrò bàbá mi kan wà ní Faransé tó ń yin ìbọn ìléwọ́ ẹlẹ́tù, oníhò mẹ́fà. Ó ní bákan náà ni ìtọ́jú méjèèjì. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Bàbá Ọdẹ, Ìlíkímù
Ọmọ mi, Ògún á gbè ọ́. Kí o tó béèrè epo, wádìí bóyá ẹ̀tù ṣì wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdẹ ló ń kì ìbọn sílẹ̀ de ohun tó lè yọ lójijì, ikú á wá dé, ìbọn á wà ní kíkì. Ẹ̀tù tí ọ̀rinrin kò kàn kì í kú. Ọ̀pọ̀ ọdún lè kọjá lórí rẹ̀, iná á ṣì ràn án.

Kọ́kọ́ wò ó pé kò sí káàpù lórí ọmú, ṣóńṣó oníhò kékeré tí a ń fi káàpù dé. Wá ti ọ̀pá ìkìbọn bọ inú ihò títí yóò fi dúró, kí o dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, má dúró síwájú ẹnu ìbọn. Fi èékánná sàmì síbi tí ọ̀pá ti kan ẹnu ìbọn, fà á yọ, kí o tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin láti ìta. Bí orí ọ̀pá bá dé ibi tí ọmú káàpù wà, inú rẹ̀ ṣófo. Bí kò bá dé ibẹ̀, nǹkan ń bẹ nínú rẹ̀. Má ṣe yìn ín láti fi tú u o! Má sì fi ojú yọ́ ẹnu ìbọn wò láéláé.

Ní ti omi, àwa kì í jẹ́ kí omi kan ìbọn. Àkísà àti epo ti tó.

Alágbẹ̀dẹ, Ṣábẹ̀
Bàbá, mo júbà. Ọ̀rọ̀ kíkì yẹn, ẹ ti parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí omi, ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ẹ̀gbin ẹ̀tù ló ń pa ìbọn, omi kọ́. Bí ẹ̀tù bá jó tán, ju ìdajì rẹ̀ lọ ló ń ṣẹ́kù sínú irin, ó sì ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra bí iyọ̀. Ẹni tó bá yìnbọn nírọ̀lẹ́ lásìkò òjò, tó lọ sùn láìfọ̀ ọ́, ìpáàrà lè ti yọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Epo kì í yọ́ ẹ̀gbin yẹn, ṣe ló ń bò ó mọ́lẹ̀.

Omi tó ń hó ni kí o lò, pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀. Yọ irin kúrò lára igi tó bá ṣeé yọ, tú ọmú káàpù, ki ìdí irin bọ garawa, kí o máa fi àkísà orí ọ̀pá fa omi sókè sódò títí yóò fi máa jáde ní mímọ́. Irin tó ti gbóná á gbẹ fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ omi tútù. Fi ìyẹ́ adìẹ ro ihò ọmú. Nígbà tí irin ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, fi òrí pa á fẹ́ẹ́rẹ́ nínú àti lóde.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́
Epo mọ́tò ni bàbá àwọn ọmọ mi ń fi pa tiwọn, ó sì ń dán gbinrin.

Alágbẹ̀dẹ, Ṣábẹ̀
Ìyá wa, lórí ìbọn tó dúró sílé, kò burú. Ṣùgbọ́n kí wọ́n nù ún kúrò pátápátá kí wọ́n tó kì í, torí bí epo mọ́tò bá pàdé iná ẹ̀tù, á di ọ̀dà nínú ihò, ọ̀pá kò ní kọjá mọ́. Epo pupa náà máa ń dì. Bọ́tà inú agolo, ẹ má dán an wò, iyọ̀ wà nínú rẹ̀.

Ará Kétu ní Lyon
Òótọ́ ni àbúrò bàbá rẹ sọ nípa fífọ̀. Èmi náà ń yin irú rẹ̀ ní ẹgbẹ́ ayìnbọn wa níbí: Remington 1858, àwòṣe tuntun tí wọ́n ṣe ní Ítálì. Omi gbígbóná àti ọṣẹ, lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n kíkì rẹ̀ yàtọ̀ gidigidi. Ihò mẹ́fà ló wà lára rẹ̀, márùn-ún ni mo ń kì, òòlù á sùn lórí èyí tó ṣófo. Ìwọ̀n ẹ̀tù mi kò ju bíi gíráàmù kan àtààbọ̀ lọ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, inú ife ìwọ̀n kékeré ni mo ti ń dà á, n kì í dà á láti inú ìgò tààrà, torí bí iná bá ṣẹ́kù nínú ihò, gbogbo ìgò ló máa bú mọ́ni lọ́wọ́. Ọta òjé rẹ̀ máa ń tóbi ju ihò lọ díẹ̀, tó bá ń wọlé, á bó òrùka òjé tín-ínrín sílẹ̀. Bí kò bá bó o, ọta kò fún, iná lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, ihò kan á ran èkejì, gbogbo rẹ̀ á dún pọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń fi ọ̀rá dí ojú ihò lẹ́yìn ọta, kí káàpù náà sì fún mọ́ ọmú. Ọ̀rá yẹn tún ń jẹ́ kí ẹ̀gbin rọ̀. Irú ìbọn ìléwọ́ mìíràn, Colt 1851, lẹ́wà ju tèmi lọ, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́kù káàpù máa ń bọ́ sẹ́nu òòlù rẹ̀, á sì há.

Ohun kan tó kan ìbọn méjèèjì: ẹ̀tù dúdú nìkan. Ẹ̀tù inú kàtúùsì, ọta oníke tí wọ́n ń fi sínú ìbọn ìgbàlódé, agbára rẹ̀ ju ohun tí irin yín lè gbà lọ. Yóò fà á ya.

Bàbá Ọdẹ, Ìlíkímù
Ará Lyon, o ṣeun. Ọ̀rọ̀ omi gbígbóná yẹn, màá dán an wò, ṣùgbọ́n ìbọn ọmọ mi la ó kọ́kọ́ fi dán an wò, kì í ṣe tèmi.

Níbi ìṣípà, àwọn ọ̀dọ́ máa ń kì í lákìjù kí ariwo lè pọ̀. Ọ̀pọ̀ ṣakabùlà ló jẹ́ páìpù omi tí wọ́n jó pọ̀ lójú kan. Ojú ìjórin yẹn ló máa ń ya. Ìwọ̀n tí bàbá rẹ ń lò ni kí o lò. Bí kò bá sí ọta nínú rẹ̀ pàápàá, àkísà tí a fi kì í lè fọ́ni lójú, nítorí náà ojú ọ̀run ni kí o kọ ọ́ sí. Bí káàpù bá ró tí ìbọn kò dún, má gbé e wálẹ̀, má yí i sẹ́nikẹ́ni. Dúró bí ìṣẹ́jú kan, ẹ̀tù lè ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbiná.

Ọmọ Ọdẹ, Kétu
Mo ti wọ̀n ọ́n. Ọ̀pá kò dé ibi ọmú, ó kù tó ìka mẹ́rin.

Alágbẹ̀dẹ, Ṣábẹ̀
Haa! Ó wà ní kíkì nìyẹn. Gbé e sí ìta, jìnnà sí iná ìdáná, kọ ẹnu rẹ̀ sí ibi tí èèyàn kò ti ń kọjá. Má fi ọ̀pá gún un mọ́. Bí o bá lè mú omi gba ihò ọmú wọlé, rọra bu ú sí i títí ẹ̀tù á fi rin gbingbin. Alágbẹ̀dẹ ìbọn ló máa fi irin oníkọ́ fa ìyókù jáde, kó sì yẹ irin náà wò bóyá ó ṣì lè gba iná.

Bàbá Ọdẹ, Ìlíkímù
Ọ̀kan wà lápá Akábà tó ń ṣe é, màá fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ. Kí òun wá sílé yín, má gbé ìbọn tí a ti kì gun ọ̀kadà. Ìwé ìbọn bàbá rẹ dà? Orúkọ wọn ló wà nínú rẹ̀. Kí o tó gbé e jáde lọ síbi ìṣípà, lọ bá àwọn ọlọ́pàá kí wọ́n sọ ohun tí o máa ṣe láti yí i sí orúkọ tìrẹ.

Ọmọ Ọdẹ, Kétu
Ìwé wà nínú àpótí wọn, bàbá. Omi ti wọ ihò ọmú, ó ń yọ ìfófó dúdú. Mò ń retí nọ́ńbà yẹn o.