Kí ló mú San Xavier del Bac dúró nínú aṣálẹ̀ Arizona?

Ọmọ Kàbà: Òkun o, ẹ̀yin ará. Ta ló kọ́ San Xavier del Bac, ilé ìjọsìn àwọn míṣọ́nnárì Sípéènì tó wà ní Arizona ní Amẹ́ríkà, kí sì ni wọ́n fi kọ́ ọ tí kò fi wó láti ohun tó lé ní 200 ọdún?

Ìyá Olùkọ́, Ìyàrá: Àlùfáà Eusebio Kino, tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ àlùfáà Kátólíìkì tí wọ́n ń pè ní Jesuit, ló dá míṣọ̀n náà sílẹ̀ ní 1692, ṣùgbọ́n ilé tó wà níbẹ̀ báyìí kì í ṣe tirẹ̀, nítorí ọba Sípéènì lé àwọn Jesuit kúrò ní ilẹ̀ rẹ̀ ní 1767, àwọn Franciscan, ẹgbẹ́ Kátólíìkì mìíràn tó rọ́pò wọn, ló sì kọ́ ọ láàárín 1783 sí 1797. Àwọn O'odham, ọmọ onílẹ̀ àgbègbè náà, ló ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó dùn mí pé orúkọ àlùfáà ni ìtàn sábà máa ń dá.

Bíríkìlà Mọ̀pà: Ẹ ṣeun, Màmá. Bíríkì sísun ni wọ́n lò, kì í ṣe bíríkì amọ̀ tí wọ́n sá sóòrùn bíi ti ọ̀pọ̀ míṣọ̀n àgbègbè náà. Bíríkì yìí kan náà ni wọ́n tò tó tẹ̀ bí ọrun láti fi ṣe òrùlé, nítorí igi ńlá ṣọ̀wọ́n ní aṣálẹ̀. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi tún un ṣe nígbà tó yá ló fẹ́ bà á jẹ́, torí ó ń há omi mọ́ inú ògiri, àwọn atúnṣe sì ní láti padà sí ẹfun tí wọ́n pò mọ́ omi yíyọ̀ inú ọrọ́.

Ọmọ Kàbà: Nínú ilé agogo rẹ̀ méjèèjì, èyí tí kò ní orí ńkọ́?

Bíríkìlà Mọ̀pà: Ti ìlà oòrùn nìyẹn, wọn kò parí rẹ̀. Lójú tèmi, owó ló tán.