Àpótí Freemason tí bàbá fi sílẹ̀: ẹ má tíì dáná sun ún

Ará Ẹ̀gbẹ̀ (Leeds): Òkun o, ẹ̀yin ará. Bàbá mi, tí wọ́n wà nínú Freemason (ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀ àwọn òyìnbó), ti di olóògbé. Épírọ́ọ̀nù awọ funfun tó ní etí búlúù, ọ̀já ọrùn, mẹ́dàlì mẹ́ta àti ìwé kékeré kan tó kún fún ọ̀rọ̀ àgékù ló wà nínú àpótí tí wọ́n fi sílẹ̀. Àwọn ará ilé ní ká sun gbogbo ẹ̀ kí ọjọ́ ìsìnkú tó pé. Kí ni ṣíṣe?

Ọmọ Ìsánlú: Òkun o. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò, iwájú àti ẹ̀yìn. Orúkọ lọ́ọ̀jì, ìyẹn ẹ̀ka ẹgbẹ́ tí bàbá wà, àti nọ́ńbà rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́. Ẹ wò ó lẹ́yìn mẹ́dàlì tàbí lórí ìwé ẹ̀rí. Tó bá jẹ́ pé Nàìjíríà ló ti wọ ẹgbẹ́, ẹ ka orí ìwé ẹ̀rí yẹn dáadáa: lọ́ọ̀jì Íńgíláǹdì, ti Scotland àti ti Ireland wà níbẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àṣìkọ ló sì ń jẹ́ kí lẹ́tà sọnù. Ti Íńgíláǹdì, Freemasons' Hall, Great Queen Street, London, ni kí ẹ kọ̀wé sí.

Mẹ́dàlì tí wọ́n ń fi kọ́ àyà, tí wọ́n fín orúkọ bàbá sí, tiwọn ni. Èyí tó rọ̀ mọ́ ọ̀já ọrùn sábà máa ń jẹ́ ti lọ́ọ̀jì. Ẹ béèrè kí ẹ tó pín in. Ẹ wo épírọ́ọ̀nù náà: bó bá jẹ́ òdòdó rìbọ́ọ̀nù mẹ́ta ló wà lára ẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ tó gboyè kẹta ni wọ́n. Bó bá jẹ́ irin fàdákà tó rí bíi T tí wọ́n dojú ẹ̀ dé, wọ́n ti jókòó sórí àga olórí lọ́ọ̀jì nìyẹn.

Ọmọ Kàbà: Ẹ má fọ̀ ọ́ o! Omi ń mú awọ gan, aró búlúù á sì ràn mọ́ funfun. Ẹ má dì í sí nylon, ó ń làágùn, ó ń hu. Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò ní ásíìdì ni kí ẹ tẹ́ ẹ lé, kí ẹ sì ká a bí ẹní. Ojú ìṣẹ́po ni sílíìkì ti ń ya. Brasso kò gbọdọ̀ kan mẹ́dàlì, torí wúrà tí wọ́n fi pa á lára kò nípọn rárá. Bí wọ́n bá tẹ 925 tàbí àwòrán kìnnìún tó ń rìn sí i lára, fàdákà ni. 375, wúrà ni.

Ọmọ Mọ̀pà: Bí òòlù kékeré ehín erin tí olórí lọ́ọ̀jì fi ń kan tábìlì bá wà níbẹ̀, ẹ má tà á: láti oṣù kẹfà 2022 ni òfin ti ká a lọ́wọ́ kò ní UK. Ẹ má sì kó o wọ bàálù láìgba ìwé àṣẹ. Ìwé kékeré yẹn, ẹ dá a padà fún akọ̀wé lọ́ọ̀jì. Lẹ́tà kan náà ni kí ẹ fi béèrè ìrànwọ́ fún ìyá. Masonic Charitable Foundation, àjọ àánú ẹgbẹ́ náà, ń ran opó lọ́wọ́. Pásítọ̀ tó bá ń bínú, ẹ jẹ́ kó bínú.

Ará Ẹ̀gbẹ̀: Ẹ ṣeun. Ẹdan idẹ kan náà wà nísàlẹ̀ o.

Ọmọ Ìsánlú: Ti Ògbóni nìyẹn. Ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀, ẹ má fi ránṣẹ́ sí London.