Ìjẹ̀bú-Òde sí Abuja: wákàtí kan ni bàálù, aago mélòó ni ká jáde nílé?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀ ni èmi àti Màmá mi ń lọ sí Abuja. Ọmọ àbúrò mi ń gba orúkọ ní Sátidé. Màmá ti lé ní ọdún 70, wọn ò wọ bàálù rí, orúnkún sì ń yọ wọ́n lẹ́nu: ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Àbúrò mi ní ká wọ ti aago méje àárọ̀, ká jáde ní aago márùn-ún. Ọkàn mi ò gbà á. Lọ́dún tó kọjá, aago mẹ́rin ni mo jáde fún bàálù aago méje. Tírélà kan ṣubú lọ́nà, ìgbà tí mo fi dé Ìkẹjà wọ́n ti pa káńtà dé. Ẹkún ni mo sun níbẹ̀. N ò fẹ́ kí irú ẹ̀ ṣojú Màmá. Báwo ni Abuja ṣe jìn tó gan-an?

Ọmọ Rẹ́mọ l'Abuja: Ẹ kú oríire ọmọ tuntun. Ìkẹjà sí Abuja lójú òfurufú jẹ́ bíi kìlómítà 510. Bàálù lè sá tó 800 ní wákàtí kan, àmọ́ ẹ má fi ìyẹn ṣírò, torí ó máa kọ́kọ́ rọra rìn nílẹ̀, á gòkè, á tún fara balẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 10 sí 20 ló sábà máa ń wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Pápákọ̀ ibí náà jìnnà sí ìgboro, bíi kìlómítà 40.

Awakọ̀ Ṣágámù: Àǹtí, bàálù kọ́ ni wàhálà yín, Ìjẹ̀bú-Òde sí Ìkẹjà ni. Kò ju bíi kìlómítà 100 lọ, ṣùgbọ́n mo ti fi wákàtí méjì rìn ín rí, mo sì ti fi márùn-ún rìn ín. Jímọ̀ àkọ́kọ́ lẹ tún wá mú! Ìsìn máa ń wà lálẹ́ ọjọ́ yẹn ní Kámpù Redeem, tó wà lójú ọ̀nà náà. Tó bá ti di ọ̀sán, ọkọ̀ á ti máa tò. Bàálù aago mọ́kànlá ni kẹ́ ẹ mú, kẹ́ ẹ jáde ní mẹ́fà. Tí ẹ bá gbọ́ pé ọ̀nà Ṣágámù ti dí, ẹ gba Ìkòròdú. Ẹ má gbé àgbàlagbà rin òru o.

Ìyá Ìbejì, Ìpẹru: Ìkẹjà ṣe jẹ́? Pápákọ̀ Gateway wà lọ́dọ̀ wa níbí ní Rẹ́mọ, bàálù Abuja sì ti ń gbéra níbẹ̀. Kò pọ̀ bíi ti Ìkẹjà, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ti Jímọ̀ wà.

Nọ́ọ̀sì: Nígbà tẹ́ ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ ti béèrè àga onítáyà fún Màmá, àtẹ̀gùn bàálù ga. Kí wọ́n máa lá súìtì nígbà tó bá ń gòkè àti nígbà tó bá ń sọ̀kalẹ̀; itọ́ tí wọ́n bá ń gbé mì ni ò ní jẹ́ kí etí dí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde: Ọlọ́run á san án fún yín. Gateway ni màá kọ́kọ́ wò. Tí kò bá sí, ó di aago mọ́kànlá. Màmá ti di gàrí sí ọ̀rá méjì, wọ́n ń fi ìwé ìròyìn wé ewùrà ìkókoré lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kí n bi yín, ṣé wọ́n á jẹ́ kí àwọn gbé epo?

Ọmọ Rẹ́mọ l'Abuja: Kí wọ́n fi epo sílẹ̀, a ń rí i rà níbí. Ẹ wọn ẹrù yòókù nílé kẹ́ ẹ tó jáde, kó má di pé ẹ ń yọ ewùrà sílẹ̀ níwájú káńtà.