Àlàájà ní kí n kọ ìdajì owó tó wọlé fún wọn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìlọrin ni mo wà, mo máa ń bá àwọn oníṣòwò ṣe ìwé owó orí. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ni gbèdéke, àmọ́ ọjọ́ 29 ni Àlàájà kan tó ń ta aṣọ l'Ọ́jà Ọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé tiwọn dé: rìsíìtì ọdún kan gbáko nínú ọ̀rá, epo pupa ti mu àwọn kan débi pé iye owó ò hàn mọ́. Ìyẹn kọ́ ló dùn mí. Wọ́n ní ìdajì owó tó wọlé ni kí n kọ. Ìyá ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n, àwọn náà ló mú oníbàárà mẹ́rin wá fún mi. N ò ní kọ irọ́ láéláé. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí n ṣe sọ ọ́ fún wọn tí kò fi ní jọ àrífín?