Ohun tí ojú wa ti rí lórí fóònù àwọn ọmọ wa

Tíṣà, Ṣàgámù

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀ sí rí, kó bá mi dá sí i. Kíláàsì SS2 ni mo ń kọ́. Lọ́jọ́ eré ìdárayá wa, ọmọbìnrin kan ń sáré, ló bá ṣubú gbalaja, eruku kún ẹnu rẹ̀. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti yà á. Nígbà tó fi máa di alẹ́, wọ́n ti sọ àwòrán náà di stíkà lórí WhatsApp. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó ń gbé ní Ìlíṣàn gbà á lórí fóònù lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ọmọ náà rí. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ọmọ yẹn kò fi wá sí ilé ẹ̀kọ́.

Òfin ni mo kọ́kọ́ kó bo àwọn ọmọ kíláàsì mi. Mo ní ìjọba àpapọ̀ ti ṣe òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2015, pé ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 3 ń bẹ níbẹ̀, tàbí ìtanràn tó lè tó mílíọ̀nù 7 náírà, tàbí méjèèjì. Ọmọkùnrin kan láti ẹ̀yìn ní, "Sà, ta ni wọ́n ti mú ní Ṣàgámù torí stíkà?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. N kò rí èsì fọ̀. Nígbà tí mo délé, mo lọ ka òfin náà dáadáa, mo rí i pé wọ́n tún un ṣe ní 2024. Irọ́ tí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ pa láti fi da ìlú rú tàbí láti fi ẹ̀mí ẹlòmíràn sínú ewu, àti àwòrán ìhòòhò, ni abala tí mo ń fi halẹ̀ yẹn dojú kọ báyìí. Ti ẹni tó ṣubú lórí pápá kò sí níbẹ̀. Èmi tí mò ń kọ́ wọn ni n kò mọ ohun tí mò ń kọ́ wọn.

Lọ́jọ́ kejì mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọ "fọ́tò" sí àárín pátákó. Mo ní kí ẹni tó bá fi ránṣẹ́ wá kọ orúkọ ara rẹ̀, kó sì fa ìlà sí ọ̀dọ̀ ẹni tó fi ránṣẹ́ sí. Wọ́n dákẹ́ títí. Ọmọbìnrin kan ló kọ́kọ́ dìde, ó ní òun fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n òun ní Ìkòròdú. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ń tò wá. Nínú ọmọ 38, orúkọ 31 ló wà lójú pátákó kí aago tó lù. Ọmọ tó béèrè ìbéèrè àná ni ìlà tirẹ̀ pọ̀ jù, mẹ́fà. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Mi ò mọ̀ bóyá ohun tí mo ṣe dára tán, torí ìtìjú náà le. Ṣùgbọ́n ọmọ méjì lọ sílé ọmọbìnrin yẹn fúnra wọn lọ́jọ́ Sátidé.

Ayàwòrán, Ìjẹ̀bú-Òde

Tíṣà, èmi náà ti jìyà fọ́tò. Ojúde Ọba 2024 ni, ọdún tí àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin gba gbogbo ayélujára kan. Gbogbo àwa tí a ní kámẹ́rà ló ń wá tiwa. Mo ya ìyá kan láàárín rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wọn, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà rẹ̀, gèlè rẹ̀ gún régé, mo gbé e sí Instagram. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ìyá náà pè mí. Wọ́n ti fi ojú rẹ̀ polówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí! Èmi kọ́ ni mo tà á fún wọn, ojú ìwé mi ni wọ́n ti jí i, ṣùgbọ́n ṣé màmá fẹ́ gbọ́ ìyẹn? "Ṣé mo ní kí o yà mí ni?" Ohun tó tún sọ kù, n kò lè kọ ọ́ síbí.

Òfin ẹ̀tọ́ àṣẹ-lórí-iṣẹ́ ti 2022 ní èmi tí mo ya àwòrán ni mo ni ín, nípa ìyẹn ni mo fi lè kọ̀wé sí àwọn alágbo náà títí wọ́n fi yọ ọ́. Àmọ́ ojú tó wà nínú rẹ̀, màmá ló ni ín. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi báyìí, tí wọ́n bá ya èèyàn, wọ́n gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn, kí wọ́n fi hàn án, kí wọ́n sì gbàṣẹ. Tó bá jẹ́ ọmọdé, òbí rẹ̀ ni wọn yóò bi. Ó ń dá iṣẹ́ dúró, mo mọ̀.

Bàbá, Òdògbolú

Ọmọ ọmọ mi obìnrin tó wá láti Èkó ló yọ fóònù lójú fèrèsé nígbà tí Agẹmọ ń lọ sí Ìmọ̀san. Ó fẹ́ gbé e jáde lórí TikTok lójú ẹsẹ̀. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú ló mọ̀ pé obìnrin kì í rí i. Ó ní, "Bàbá, fóònù ló ń wò ó, èmi kọ́." Mo ní, ojú ta ni fóònù ń bá wò? Ó dákẹ́. Ọjọ́ méjì ni kò bá mi sọ̀rọ̀.

Àǹtí, Ìpẹru

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 16, kanlẹ̀kùn mi ní aago méjì òru. Ẹnìkan lórí Instagram ti pe ara rẹ̀ ní ẹni tó ń bá àwọn ọmọge wá iṣẹ́ ìpolówó aṣọ, ó tàn án títí ó fi gba àwòrán tí kò yẹ, ó wá ní kó san 50,000 náírà, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ òun á fi ránṣẹ́ sí gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ mi ti gòkè láti gbá a létí. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo rántí pé èmi ló wá bá, kì í ṣe kànga.

A kò san kọ́bọ̀. Ẹni tó bá san ọ̀kan, wọ́n á tún padà wá ni. A kò pa ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ rẹ́. A ya ojú fóònù náà tòun ti orúkọ tó ń lò, ká tó dí ọ̀nà mọ́ ẹni náà. Lẹ́yìn náà a lo Take It Down, ìkànnì kan tó ń bá èèyàn dí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lọ́nà lórí ayélujára, ọ̀fẹ́ ni, fún àwòrán ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Ọmọ náà kò ní láti fi àwòrán ránṣẹ́ sí wọn, inú fóònù rẹ̀ ló ń wà. Wọ́n kàn ń fi í ṣírò nọ́ńbà kan, nọ́ńbà yẹn ni Facebook, Instagram àti TikTok fi ń dá a mọ̀ tí ẹnikẹ́ni bá gbé e síbẹ̀.

Tíṣà, èyí ni kí ẹ kà fún wọn nínú òfin 2015 yẹn o: ẹni tó bá pín irú àwòrán ọmọdé bẹ́ẹ̀, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 10, ìtanràn rẹ̀ lè tó mílíọ̀nù 20 náírà. Ọmọ kíláàsì tó kàn gbà á tó sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn ti pín in nìyẹn.

Ìyá Onígàárì, Ìjẹ̀bú-Òde

Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Ọmọ mi ọ̀hún náà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọmọ ogún ọdún ni nígbà náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní, "Fún mi ní aza rẹ," nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì nìyẹn, "owó kan fẹ́ wọlé, wàá mú 10,000 níbẹ̀." 400,000 ló wọlé. Ó lọ gbà á lọ́wọ́ oní-POS ní Mọ́balùfọ̀n, ó yọ tirẹ̀, ó kó ìyókù fún ọ̀rẹ́. Kò bi í pé owó kí ni. Bàtà ló fi tirẹ̀ rà, ó ní òun fẹ́ fi yà mí lẹ́nu!

Ọ̀sẹ̀ kejì, báǹkì ti àkáǹtì rẹ̀ pa. Kò pẹ́, ọlọ́pàá dé ní ìdájí. Opó kan ní Abẹ́òkúta ló ni owó náà. Ẹnìkan lórí Facebook ti pe ara rẹ̀ ní dókítà ní Amẹ́ríkà, ó ní òun fi ẹrù ránṣẹ́ sí i, kó san owó tí yóò fi gba ẹrù. Ọmọ mi kò bá obìnrin yìí sọ̀rọ̀ rí láyé. Ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ mi àti BVN rẹ̀, nọ́ńbà tí báǹkì fi ń dá a mọ̀, ló wà lára owó. Ọ̀rẹ́ kò sí níbì kankan, káàdì fóònù tó fi ń pè é gan-an, orúkọ ẹlòmíràn ló fi rà á.

Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri àgọ́ wọn pé ọ̀fẹ́ ni béèlì. Abẹ́ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí ni mo dúró sí san án. Owó tí mo fẹ́ fi ra ẹ̀gẹ́ lóko ló lọ. Lẹ́yìn náà mo wá nọ́ńbà opó yẹn, mo pè é, mo ní n ó máa san án díẹ̀díẹ̀. Ó kọ́kọ́ bú mi. Nígbà tó yá, ó ní, "Ìwọ náà ń tọ́ ọmọ." Ó ku 60,000 kí n san tán.

Tíṣà, Ṣàgámù

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè wá sọ èyí fún àwọn ọmọ mi? Yorùbá ni ẹ ó sọ. Èmi á san owó ọkọ̀.

Ìyá Onígàárì, Ìjẹ̀bú-Òde

Ọmọ mi ní òun ni yóò wá sọ ọ́, kí n kàn jókòó ti òun. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ya òun.

Tíṣà, Ṣàgámù

Ẹnikẹ́ni kò ní yà á. Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn bíréèkì.