Sàká àsálátù wa: ká pín in káàkiri, àbí ká fún ìdílé díẹ̀ ní èyí tó tó?

Akápò Ìsẹ́yìn

Àsàláámù àléékún, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi ni akápò àsálátù kan níbí ní Ìsẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó fẹ́ da ìpàdé wa rú, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i kó tó di ọjọ́ Àìkú.

Lọ́dọọdún, bí Ràmàdáánì bá ti ń parí lọ, àwọn tí Ọlọ́hun bù kún nínú wa máa ń kó sàká owó wọn wá. Bí a ṣe bá a lọ́wọ́ àwọn bàbá wa ni pé a ó ra ìrẹsì, a ó wọ̀n ọ́n sínú láílọ́ọ̀nù, a ó fi owó díẹ̀ lé e, a ó sì pe àwọn opó àti aláìní jọ síwájú mọ́sálásí. Orúkọ tó wà nínú ìwé mi lé ní ọgọ́rùn-ún. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé àwọn tó gbà á lọ́dún tó kọjá náà ló tún tò lọ́dún yìí. Kò sẹ́ni tó kúrò nínú ìwé yẹn àfi ẹni tó kú.

Mo mọ ọ̀kan nínú wọn dáadáa. Ahunṣọ ni. Òfì rẹ̀ wà nílẹ̀, omú àti ọ̀kọ̀ rẹ̀ pé, ọwọ́ rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Òwú ni kò ní. Ẹlòmíì ló ń ra òwú fún un. Tó bá hun ún tán, onítọ̀hún á sanwó iṣẹ́ fún un, á káṣọ lọ sọ́jà. Owó iṣẹ́ yẹn lòun àti aya àti ọmọ ń jẹ. Ìrẹsì inú láílọ́ọ̀nù kan, ọjọ́ mélòó ni wọ́n máa jẹ ẹ́? Bí a bá ra òwú tó tó o fún un, aṣọ tara rẹ̀ ni yóò máa tà.

Mo dá a lábàá pé ká yan ìdílé mẹ́fà tàbí méje, ká fún wọn ní ohun tó tó. Àwọn àgbà kan ní rárá, pé ìjà la fẹ́ dá sílẹ̀ ládùúgbò. Àwọn ọ̀dọ́ ní ká fi gbogbo owó náà gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí mọ́sálásí, kí gbogbo èèyàn lè rómi pọn. Ẹnì kan tún ní ká máa yá a fáwọn ìyá ọlọ́jà láìgba èlé. Èwo ló bá òfin mu nínú ẹ̀?

Alfa Ìlọrin

Wàáléékúmú sàláámù, Akápò. Ọlọ́hun á san yín lẹ́san.

Sàká ní àwọn tó ni ín. Nínú Kùránì, Sūratu Taobah, àyah 60, ka ìsọ̀rí mẹ́jọ: tálákà, aláìní, àwọn òṣìṣẹ́ sàká, àwọn tí à ń fa ọkàn wọn mọ́ra, ìdásílẹ̀ ẹrú, onígbèsè, ojú ọ̀nà Ọlọ́hun, àti arìnrìn-àjò tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ìlànà Máálíkì, ọ̀kan nínú àwọn ìlànà òfin ẹ̀sìn wa, tí à ń tẹ̀lé nílẹ̀ wa, kò di dandan kó kárí gbogbo wọn. Ẹni tí àìní rẹ̀ le jù la ń wò. Àwọn onímọ̀ Máálíkì tún ní a lè fún aláìní ní èyí tó máa tó o fún odindi ọdún kan. Àwọn onímọ̀ Ṣáfíì, ìyẹn ìlànà mìíràn, tilẹ̀ sọ pé oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ fún un lówó irinṣẹ́ rẹ̀, ì báà kéré, ì báà pọ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì gbà wá láti ẹnu Umar ọmọ Khattab, sàábé Ànábì, ni pé tí ẹ bá ń fúnni, ẹ fúnni tí yóò fi rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Àbá yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ dáadáa.

Ti àwọn àgbà náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àdàsí lásán. Ìrẹsì yẹn, ẹ gbé e lọ síbi sàká ìtúnu àwẹ̀. Oúnjẹ nìyẹn tẹ́lẹ̀: sáà kan, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀kún àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀mẹrin, lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé, kó sì ti dọ́wọ́ aláìní kí a tó kírun Yídì. Ìyẹn lè kárí ọgọ́rùn-ún ilé. Sàká owó, ìdá méjì àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ fi ró àwọn ìdílé yẹn lágbára. Ẹ sì sọ fáwọn olówó yín pé kò di dandan kó jẹ́ Ràmàdáánì. Ọjọ́ tí owó èèyàn bá ti tó iye wúrà 85 gíráàmù ni ọdún rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ọdún tí à ń fi òṣù ojú ọ̀run kà sì ni.

Kànga ẹ̀rọ dára o, àmọ́ ẹ má fi sàká gbẹ́ ẹ. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ dì mú ni pé sàká gbọ́dọ̀ di ohun ìní ẹni tó tọ́ sí, olówó náà yóò sì mu nínú omi yẹn. Waqf ni ti kànga, ìyẹn ohun tí a yà sọ́tọ̀ nítorí Ọlọ́hun fún àǹfààní àwọn èèyàn. Ní Mẹ̀dínà, Uthman, sàábé Ànábì, ra kànga Rumah, ó sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Nígbà tí Umar rí ilẹ̀ gbà ní Khaybar, Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ní kó di ilẹ̀ náà mú, kó máa fi èso rẹ̀ ṣe sàárà: a kì í tà á, a kì í fi í tọrẹ, a kì í jogún rẹ̀. Nítorí náà ẹ dáwó kànga lọ́tọ̀. Tí ẹ bá tún rí ṣọ́ọ̀bù kan tàbí méjì kọ́ síwájú mọ́sálásí, owó tí àwọn tó háyà rẹ̀ bá ń san ni kí ẹ máa fi tún ẹ̀rọ ṣe. Mo ti rí kànga tó kú torí pé kò sówó tí wọ́n á fi pààrọ̀ ẹ̀rọ tó ń fa omi.

Ìyá Aládìrẹ, Abẹ́òkúta

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n Akápò. Ìtòkú ni mo wà, àsálátù àwa obìnrin ń ṣe ti yíyáni náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe sàká la fi ń ṣe é. Owó ara wa ni. A ń dá a lọ́jọ́ọ Sunday lẹ́yìn àdúà. Ẹni tó bá fẹ́ yá á mú onídùúró méjì wá láàárín wa, á máa san án díẹ̀díẹ̀, iye tó gbà náà ló máa dá padà. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọjà, àwa la ó lọ ra aṣọ funfun àti aró náà, a ó sọ iye tí a rà á àti èrè tí a fẹ́ jẹ, yóò wá rà á lọ́wọ́ wa láwìn. Ohun tó lé wa débẹ̀ ni gbọ́mú-lé-lántà, ìyẹn ẹ̀yáwó elélé tí à ń san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ ò rí obìnrin tí wọ́n wá jókòó tì níwájú ìsọ̀ látàárọ̀, tí kò lè tajà, torí owó ọ̀sẹ̀ kan? Kùránì ní tí onígbèsè bá wà nínú ìnira, kí a fún un láyè títí yóò fi rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹni tí gbèsè bá bò mọ́lẹ̀ pátápátá láàárín wa, ibẹ̀ ni sàká ti lè wọlé, torí onígbèsè wà nínú ìsọ̀rí mẹ́jọ tí Alfa kà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dẹ́kun pípe àwọn opó jọ síwájú mọ́sálásí. Mo ti rí ìyá kan tó fa ìborùn bojú nígbà tí wọ́n gbé fóònù sókè láti ya fọ́tò. Ẹ gbé e lọ bá wọn nílé lálẹ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé wọ́n fún ìyá lágbájá.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ní London

Inú mi dùn sọ́rọ̀ yìí. Níbí, ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ National Zakat Foundation tó jẹ́ pé inú Britain níbí ni wọ́n ń ná sàká Britain sí. Ó bá ohun tí Ànábì rán Mu'adh, sàábé rẹ̀, lọ Yemen mu: kí a gbà á lọ́wọ́ olówó wọn, kí a dá a padà fún tálákà wọn. Sàká mi ń dúró síbí, àmọ́ sàárà mi fún kànga yẹn ti wà nílẹ̀. Ẹ má fi fọ́tò ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ sí mi, ìṣirò owó ni kí ẹ fi ránṣẹ́.

Akápò Ìsẹ́yìn

Ọlọ́hun á bù kún gbogbo yín. Ìbéèrè méjì ló kù. Ọmọkùnrin kan ń bá wa gun ọ̀kadà káàkiri láti lọ wo ilé àwọn tí a fẹ́ fún. Ṣé a lè sanwó fún un nínú sàká? Ahunṣọ tí mo sọ yẹn, ọmọ àbúrò bàbá mi ni. Ṣé ó lè gbà á?

Alfa Ìlọrin

Òṣìṣẹ́ sàká wà nínú àyah yẹn. Ẹ san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un, kó má kọjá iye tí iṣẹ́ náà tó. Ní ti ìbátan, aya yín, òbí yín àti ọmọ tí jíjẹ-mímu rẹ̀ wà lọ́rùn yín ni kò lè gba nínú sàká yín. Ọmọ àbúrò bàbá yín lè gbà á, ẹ ó sì gba láádá ẹbí mọ́ láádá sàká.

Akápò Ìsẹ́yìn

Mo gbọ́, Alfa. Màá jáde síta nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ lórí orúkọ rẹ̀, kí wọ́n má bàa ní èmi ni mo tì í síbẹ̀. Mo ti ní kí onísọ̀ òwú kan kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ fún mi, dúdú àti funfun lọ́tọ̀, kó lè wà níwájú àwọn àgbà lọ́jọ́ Àìkú.