Ìgbà wo ni ẹni tó ṣe bypass lè padà sídìí òkèlè?

Àbúrò_Ṣadé

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣe iṣẹ́ abẹ bypass (èyí tí wọ́n fi ń sọ àpòlúkù di àpò kékeré, tí wọ́n á sì rán an mọ́ ìfun) ní London nítorí ìsanra àti ìtọ̀ ṣúgà, ọ̀sẹ̀ karùn-ún rèé. Nǹkan olómi ni wọ́n fi ṣe ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, oúnjẹ tí wọ́n lọ̀ kúnná ló tẹ̀ lé e, oúnjẹ rírọ̀ ló kàn báyìí. Ìwé tí ọsibítù kó lé wọn lọ́wọ́ kò dárúkọ ohun kan tí à ń jẹ nílé wa; ọ̀dùnkún gígún, ẹja inú agolo àti Weetabix ló kún ibẹ̀. Màmá wa ti ti Ìbàdàn dé, àmàlà ni wọ́n sì fẹ́ rò. Wọ́n ní oúnjẹ wo ló tún rọ̀ ju àmàlà lọ?

Ṣé òótọ́ ni Màmá sọ? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìgbà wo ni òkèlè, kí sì ni kí wọ́n máa jẹ kó tó dìgbà náà? Ìkejì, nígbà míì tí wọ́n bá jẹun, itọ́ bíi fóòmù á kún ẹnu wọn, àyà á fún wọn pinpin, wọ́n á sì bì í. Ìkẹta, fáítámì, calcium àti iron, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń dà mì pọ̀ láàárọ̀ pẹ̀lú tíì. Ṣé kò léwu?

Olóúnjẹ_Woolwich

Ẹ kú aájò. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti Màmá. Àmàlà rọ̀ lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n rírọ̀ tí ìwé yẹn ń wí ni èyí tí fọ́ọ̀kì lè tẹ̀ fọ́ sí wẹ́wẹ́. Òkèlè kì í fọ́, ńṣe ló ń lẹ̀ mọ́ra. Àpò tí wọ́n fi sílẹ̀ lókè nínú bypass kò gbà ju nǹkan bíi 30 ml lọ, ìyẹn ṣíbí ìjẹun méjì, ojú ibi tí wọ́n ti rán an mọ́ ìfun kò sì fẹ̀ ju bíi 1.5 cm. Àwa kì í sì í rún òkèlè lẹ́nu, gbígbé là ń gbé e mì. Ohun tí eyín kò kàn, tó tún lẹ̀ pọ̀ ní odindi, bó bá débẹ̀, ó jókòó nìyẹn. Iyán ló burú jù nínú wọn torí pé ó ń fà. Ẹ̀bà ní wàhálà tiẹ̀: gààrí tí omi gbígbóná kò ràn tán á ṣì máa wú lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé e mì. Gààrí mímu ńkọ́? Kó jìnnà sí wọn pátápátá.

Fóòmù tí ẹ rí yẹn, itọ́ ni. Oúnjẹ há, ara wá ń da itọ́ sí i kó lè yọ̀ kọjá. Ohun tó sábà máa ń fà á ni kí èèyàn yára jẹun, kó bu ńlá, tàbí kí oúnjẹ gbẹ. Bó bá ti ṣẹlẹ̀, kí wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀, kí wọ́n dìde rìn díẹ̀ nínú ilé. Kí wọ́n má fi omi tì í o. Omi kò ríbi gbà, orí oúnjẹ náà ló máa jókòó sí, ìrora á wá pọ̀ sí i. Tó bá lọ tàbí tó bá jáde, nǹkan olómi ni kí wọ́n fi ṣe ìyókù ọjọ́ yẹn.

Ẹ ṣọ́ nǹkan kan, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹjọ yìí gan-an ni ojú rírán yẹn máa ń sún kì fún àwọn mìíràn. Bí ohun tó ń lọ geere lọ́sẹ̀ tó kọjá kò bá lọ mọ́, tí ọbẹ̀ olómi àti omi lásán náà wá ń padà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń jẹun mọ́ nìyẹn. Ẹ pe ọsibítù lọ́jọ́ náà. Wọ́n á ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ oníkámẹ́rà gba ọ̀fun wọlé, wọ́n á sì fi bàlúù kékeré mú ojú náà gbòòrò. Kò nílò kí wọ́n tún la ikùn.

Oúnjẹ wa tó bá ìpele yìí mu pọ̀ ju bí ìwé yẹn ṣe jẹ́ kẹ́ ẹ rò lọ. Mọ́ínmọ́ín rírọ̀ lọ̀gá wọn. Gbẹ̀gìrì tó ki díẹ̀ tí wọ́n fún ẹja sí, ẹja Títùs tí wọ́n sè, tí wọ́n bó awọ rẹ̀, tí wọ́n yọ eegun rẹ̀ tán, ẹyin tí wọ́n po mílíìkì mọ́ kí wọ́n tó rò ó lórí iná jẹ́jẹ́, wàrà tí wọ́n sè nínú omi ọbẹ̀, tí wọn kò dín. Ewédú dára gan-an nítorí pé ó ń yọ̀, ó ń jẹ́ kí ẹja lọ. Ògì nìkan kò tó nǹkan: afúnnilágbára ló kún inú rẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ ẹ, mílíìkì ni kẹ́ ẹ fi sè é dípò omi. Ẹ kọ́kọ́ po mílíìkì ẹlẹ́bú aláìlọ́ràá, ṣíbí ìjẹun mẹ́rin, sínú páìntì mílíìkì kan, kẹ́ ẹ máa lo ìyẹn fún ohun gbogbo. Kò gbọdọ̀ sí ṣúgà níbẹ̀.

Ìwọ̀n rẹ̀ ni ṣíbí ìjẹun méjì sí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, pẹ̀lú ìpápánu kékeré kan tàbí méjì tó ní amúaradàgbà nínú. Èròjà amúaradàgbà 60 sí 80 g lóòjọ́ là ń lé. Ẹyin kan ní bíi 6 g, ẹja Títùs 50 g ní 10 g tàbí kó lé díẹ̀, mílíìkì 200 ml ní 7 g. Nítorí náà, ẹja ni wọ́n máa kọ́kọ́ jẹ, ẹ̀fọ́ tẹ̀ lé e, ohun tó bá ṣẹ́ kù láyè ni ti ọ̀dùnkún tàbí iṣu. Ṣíbí ìmutíì ni kí wọ́n máa lò, kí wọ́n rún un ní ìgbà 20, kí wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀ kí wọ́n tó bu òmíràn. Ìṣẹ́jú 20 sí 30 tó. Bí òsúkè bá dé, tàbí tí imú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi, ó ti kún nìyẹn, ó kan ń wá ọ̀nà sọ fún wọn ni. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wọn pé kí wọ́n jẹ ìyókù rẹ̀ tán.

Òkèlè: lẹ́yìn oṣù méjì sí mẹ́ta, nígbà tí ẹran adìyẹ rírọ̀ àti ẹ̀fọ́ bá ti ń lọ láìsí wàhálà. Àmàlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dán wò, iyán ni kó gbẹ̀yìn. Kí òkèlè kọ̀ọ̀kan má ju ẹ̀pà kan lọ, kí wọ́n sì rún un. Ó máa ṣàjèjì lẹ́nu, kí wọ́n ṣáà rún un.

Ìyá_Ọlọ́bẹ̀

Gbogbo ohun tí Olóúnjẹ sọ ni mo fara mọ́, àfi ti ọwọ́. Bí wọ́n bá fi ọwọ́ gé òkèlè, ọwọ́ ti mọ ìwọ̀n àtijọ́, kò ní pẹ́ tó fi máa padà sídìí rẹ̀. Ṣíbí ìmutíì ni kí wọ́n fi jẹ ẹ́ fún ọdún kan gbáko. Àwọn kan wà tí iyán kò bá lára mu mọ́ láé, kò sì pa wọ́n lára.

Mọ́ínmọ́ín tó bá ìpele yìí mu: ẹ̀wà ife kan, kẹ́ ẹ bó o kanlẹ̀, kẹ́ ẹ rẹ ẹ́ sómi fún wákàtí kan sí méjì lẹ́yìn bíbó. Tàtàṣé kan, àlùbọ́sà kékeré kan, kò sí ata rodo. Ẹ fi omi ife kan lọ̀ ọ́ títí tí kò fi ní han mọ́ láàárín ìka. Ẹyin méjì, ẹja tí ẹ ti fún wẹ́wẹ́ bíi 100 g, òróró ṣíbí ìmutíì méjì péré. Ẹ fi ṣíbí pò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí atẹ́gùn wọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ dà á sínú ife kéékèèké tí kò gbà ju 60 ml, kẹ́ ẹ sè é ní bíi 40 ìṣẹ́jú. Ife kan, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan. Ìyókù á lọ sí fríísà.

Tó bá le bíi ọṣẹ, omi ló kéré tàbí pípò ni kò tó. Tó bá tutù tán, á tún le sí i, nítorí náà orí omi gbígbóná ni kẹ́ ẹ ti yá a, kẹ́ ẹ bu omi ẹja tàbí ewédú lé e lórí. Òróró púpọ̀ ló ń jẹ́ kí èébì gbé wọn, kí ìgbẹ́ sì máa yọ́ lẹ́yìn mọ́ínmọ́ín, kì í ṣe ẹ̀wà.

Ẹ kó pònmọ́, ṣàkì àti eegun kúrò nínú ọbẹ̀ wọn. Ṣàkì ò ṣeé rún kúnná. Pònmọ́ ẹ̀wẹ̀, amúaradàgbà inú rẹ̀ kò pé, ìdánudúró lásán ni. Ọsàn, kí wọ́n má jẹ háhá rẹ̀. Okùn tó wà níbẹ̀ lè wé pọ̀ nínú kó sì dínà.

Apoògùn_Mokola

Mo wá sórí oògùn. Calcium àti iron ń jagun mọ́ ara wọn lẹ́nu ọ̀nà tí ara ń gbà fà wọ́n, kí wákàtí méjì ó kéré tán wà láàárín wọn. Tíì àti mílíìkì náà ń dí iron lọ́wọ́, omi lásán ni kí wọ́n fi lò ó. Bí àpẹẹrẹ: aago mẹ́jọ àárọ̀ fáítámì alápapọ̀, aago méjìlá calcium 500 mg, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ calcium 500 mg, aago mẹ́sàn-án alẹ́ iron. Ara kò lè fa calcium tó pọ̀ ju 500 sí 600 mg lẹ́ẹ̀kan, ìdí nìyẹn tí a fi ń pín in. Fáítámì rírọ̀ tó dùn bíi súìtì tí wọ́n ń tà fáwọn ọmọdé kò kúnjú ìwọ̀n, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tiẹ̀ ní iron rárá.

B12 kò gba ẹnu wọlé dáadáa mọ́ nítorí pé oúnjẹ kì í kan apá àpòlúkù tó ń ṣe èròjà tó ń gbé e wọlé. Abẹ́rẹ́ 1 mg lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń gbà ní Britain, títí ayé.

Oògùn ìrora bí ibuprofen, diclofenac àti aspirin, ó parí. Wọ́n ń dá egbò sí ojú rírán yẹn, ó sì lè ṣẹ̀jẹ̀ tàbí kó lu. Ẹ wo àpò Màmá dáadáa, torí Alabukun tí gbogbo ilé ń tọ́jú fún ẹ̀fọ́rí, aspirin àti caffeine ni. Paracetamol ni tiwọn. Sìgá náà ń fa egbò kan náà. Àgbo jẹ̀dí tí wọ́n fi ọtí rẹ ńkọ́? Ọtí ń yára gunni lórí gan-an lẹ́yìn bypass, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tí ewé inú rẹ̀ máa ṣe. Kí wọ́n fi sílẹ̀.

Nítorí ìtọ̀ ṣúgà: bí wọ́n bá ṣì ń lo ìnsúlín tàbí gliclazide ní ìwọ̀n tí wọ́n ń lò kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà lónìí. Ṣúgà wọn lè já wálẹ̀ kíákíá. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru náà rí bẹ́ẹ̀, òòyì ló máa fi ń hàn tí wọ́n bá dìde.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù rèé. Ẹni tó bá ń bì fún ọjọ́ mélòó kan, thiamine, ìyẹn fáítámì B1, lè tán lára rẹ̀. Bí ojú bá ń rí nǹkan ní méjìméjì, tí ẹsẹ̀ ń gbé e kiri bí ẹni mutí, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò bára mu, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni. Ẹ sọ fún wọn ní ọsibítù pé ó ṣe bypass, kí wọ́n fún un ní thiamine kí wọ́n tó fa omi oníṣúgà sí i lára.

Àbúrò_Ṣadé

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà mi. Alabukun wà nínú àpò Màmá lóòótọ́ o, mo ti gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, ó ku díẹ̀. Lánàá wọ́n mu ìdajì ìgò malt, láàárín bíi ogún ìṣẹ́jú òógùn bò wọ́n, àyà wọn ń lù kìkì, wọ́n sì ní láti dùbúlẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru tẹ̀ lé e. Ìjọ wa sì máa bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ láìpẹ́, láti àárọ̀ di aago mẹ́fà láìmu omi. Àti pé wọ́n ń sọ pé irun máa re.

Olóúnjẹ_Woolwich

Dumping nìyẹn. Ṣúgà inú malt já sínú ìfun lẹ́ẹ̀kan náà láìsí àpòlúkù tó máa dá a dúró, ìfun wá fa omi láti inú ẹ̀jẹ̀ sínú ara rẹ̀. Ìdí tí àyà fi ń lù tí òòyì fi ń kọ́ wọn nìyẹn. Dídùbúlẹ̀ tí wọ́n ṣe dára. Ó máa lọ fúnra rẹ̀. Oríṣi kejì máa ń dé ní wákàtí kan sí mẹ́ta lẹ́yìn oúnjẹ: ìnsúlín tí ara ń ṣe á pọ̀ jù, ṣúgà á já, ọwọ́ á máa gbọ̀n. Ó sábà máa ń jẹ́ lẹ́yìn oṣù mélòó kan sí ọdún kan. Nígbà yẹn, ṣúgà 10 sí 15 g, kí nǹkan amúaradàgbà tẹ̀ lé e lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á tún já.

Malt kò dáa lọ́nà méjì, ṣúgà àti afẹ́fẹ́ tó ń hó. Sóbò (zobo) tí kò ní ṣúgà kò burú tó bá ti tutù. Mímu omi pẹ̀lú oúnjẹ náà kò dáa. Kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn oúnjẹ kí wọ́n tó mu.

Ààwẹ̀ láìmu omi: kì í ṣe lọ́dún àkọ́kọ́, kí wọ́n sì bá àwọn tó ń tọ́jú wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbà á lẹ́yìn náà. Omi lítà kan àtààbọ̀ ni wọ́n nílò lóòjọ́, díẹ̀díẹ̀ sì ni wọ́n lè mu ún. Kò sí bí wọ́n ṣe lè rí i mu tán láàárín aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ àti àsìkò oorun. Pásítọ̀ tó bá gbọ́ iye tí àpò yẹn ń gbà kò ní bínú.

Irun máa ń re láti bí oṣù kẹta sí ìkẹfà, torí pé ara rí iṣẹ́ abẹ àti àdínkù oúnjẹ pọ̀. Ó ń padà hù. Bó bá lé ní ọdún kan tó ṣì ń re, kí wọ́n yẹ iron àti amúaradàgbà wò. Ẹ̀jẹ̀ yíyẹ̀wò ni oṣù kẹta, ìkẹfà, ìkejìlá, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún. Ọsibítù á máa rí sí i fún ọdún méjì, lẹ́yìn ìyẹn ọ̀dọ̀ GP, ìyẹn dókítà àdúgbò, ló máa bọ́ sí, ẹ̀yin lẹ ó sì máa rán wọn létí.

Apoògùn_Mokola

Ẹ fi ìkan kún un: bí ẹ̀gbọ́n bá ṣì wà ní ọjọ́ orí ìbímọ, oyún kò gbọdọ̀ dé kí oṣù 12 sí 18 tó pé. Oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníhóró kò ṣeé gbára lé lẹ́yìn bypass, kí wọ́n béèrè èyí tí wọ́n ń fi sí apá tàbí sínú ilé-ọmọ. Àtọ̀gbẹ tó ń rọlẹ̀ àti ìsanra tó ń dín kù máa ń jẹ́ kí oyún tètè dúró, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ ò fi ń retí rẹ̀.